Àmì Orúkọ Lórí Fọ́tò Orí Íntánẹ́ẹ̀tì: Òǹtẹ̀ ni tàbí Àgádágodo?

ÌFÁÁRÀ

Ìbéèrè tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú bébà yìí kò gùn: ǹjẹ́ ó yẹ kí ayàwòrán máa tẹ orúkọ ara rẹ̀ mọ́ ojú fọ́tò tí ó bá gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì? Àwọn tí ń fi kámẹ́rà jẹun ní Ìtẹ̀lé, ní agbègbè Ọ̀tà, ni ó kọ́kọ́ gbé ìbéèrè náà ka iwájú wa. Ìtẹ̀lé wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ṣùgbọ́n ó súnmọ́ apá Ìpájà ní ìpínlẹ̀ Èkó tó bẹ́ẹ̀ tí àlejò kò fi ní tètè mọ ibi tí ìpínlẹ̀ kan parí sí kí èkejì tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńláńlá Ọ̀tà àti Ṣàngó ń gbé ibẹ̀. Àwọn tí owó ilé Èkó ti ju agbára wọn lọ náà ń kó lọ síbẹ̀. Níbi tí èrò bá ti ń pọ̀ báyìí, ìkómọjáde, ìgbéyàwó, ìṣílé àti òkú àgbà kì í wọ́n. Ibi tí ìnáwó bá sì wà, ayàwòrán kò ní ṣàì débẹ̀.

Ọ̀kan nínú wọn, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju yàrá kan lọ, sọ fún wa bí ó ṣe ya ìyàwó kan ní ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, tí ó sì gbé fọ́tò mẹ́ta sórí WhatsApp kí àwọn tí wọ́n ní nọ́ńbà rẹ̀ lè rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Kò tẹ orúkọ mọ́ wọn. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ó rí ọ̀kan nínú fọ́tò náà, ó tóbi tó ilẹ̀kùn, lára pátákó ṣọ́ọ̀bù ẹnì kan tí ń kun ojú fún àwọn ìyàwó. Nígbà tí ó béèrè, wọ́n dá a lóhùn pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni àwọn ti rí i, pé kò sì sí orúkọ ẹnikẹ́ni lára rẹ̀. Ìyàwó tí a ya náà rí pátákó yìí, ó sì gbà pé ayàwòrán ni ó ta ojú òun. Owó kò wọlé fún ọ̀dọ́mọkùnrin yìí, oníbàárà rẹ̀ sì lọ. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń fi orúkọ rẹ̀, ní lẹ́tà gàdàgbà, dábùú àyà gbogbo ẹni tí ó bá yà. Àwọn oníbàárà mìíràn sì ti ń ráhùn pé aṣọ tí àwọn rà lówó gọbọi kò hàn mọ́.

Bí a bá wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, a óò rí i pé ẹ̀dùn ọkàn ni ó gbé ọ̀dọ́mọkùnrin yìí láti ẹ̀gbẹ́ kan bọ́ sí èkejì. Ohun tí a óò gbìyànjú láti fi hàn ni pé iṣẹ́ tí ó gbé lé àmì náà lọ́wọ́ kì í ṣe iṣẹ́ tí àmì lè ṣe, àti pé iṣẹ́ tí ó lè ṣe gan-an ni kò kà sí.

Àwọn ayàwòrán fúnra wọn ń pe àmì yìí ní wọ́tàmáàkì. Ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ṣe ìwé ni orúkọ náà ti wá. Ní ìlú Fabriano ní ilẹ̀ Ítálì, ní apá ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàlá, àwọn tí ń ṣe ìwé máa ń fi okùn irin tín-ínrín ṣe àmì sí ìsàlẹ̀ asẹ́ tí wọ́n fi ń gbọ́n ìwé tútù. Bí ìwé náà bá gbẹ tí a gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, àmì náà yóò hàn. Ó yẹ kí a kíyè sí i pé àmì Fabriano kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti kọ nǹkan sórí ìwé. Gbogbo ohun tí ó ń sọ ni pé ọwọ́ lágbájá ni ó ṣe mí.

ÒǸTẸ̀ ÀTI NẸ́GẸ́TÍÌFÙ

Ní ayé ìgbà tí a ń fi fíìmù ya fọ́tò, nǹkan méjì ni ó wà lọ́wọ́ ayàwòrán. Èkíní ni òǹtẹ̀ rọ́bà tí ó fi ń tẹ orúkọ àti àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sí ẹ̀yìn fọ́tò. Ẹni tí ó bá ní àlùbọ́ọ̀mù àtijọ́ nílé, kí ó yọ fọ́tò kan kí ó yí i padà. Kò ní pẹ́ kí ó tó rí irú rẹ̀, ìyẹn bí gọ́ọ̀mù kò bá tí ì bà á jẹ́. Èkejì ni nẹ́gẹ́tíìfù, èyí tí kì í kúrò ní ṣọ́ọ̀bù.

Àwọn tí ń sọ̀rọ̀ nípa àmì orúkọ lónìí sábà máa ń fi í wé òǹtẹ̀ nìkan, wọ́n sì gbàgbé nẹ́gẹ́tíìfù. Bẹ́ẹ̀ ni nẹ́gẹ́tíìfù gan-an ni agbára ayàwòrán wà. Bí oníbàárà bá gba fọ́tò kan lọ, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fẹ́ irú rẹ̀, ọ̀dọ̀ ayàwòrán náà ni yóò padà sí. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ ọ́ di ńlá kí ó gbé e kọ́ sí pálọ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ni. Lóòótọ́, ènìyàn lè gbé fọ́tò kalẹ̀ kí ó fi kámẹ́rà mìíràn yà á, ṣùgbọ́n ojú yóò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀dà náà yóò ṣú, etí rẹ̀ kò sì ní mú. Ẹni tí ó bá ní nẹ́gẹ́tíìfù kò nílò láti tẹ orúkọ sí àyà ẹnikẹ́ni.

Stephen Sprague, tí ó ṣe ìwádìí nípa àwọn ayàwòrán Ìlá Ọ̀ràngún tí ó sì gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn African Arts ní ọdún 1978, ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ya fọ́tò ìbejì tí ọ̀kan nínú wọn ti kú. Èyí tí ó kù ni ayàwòrán yóò yà, yóò sì tẹ àwòrán rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan náà kí Táyé àti Kẹ́hìndé lè jókòó tira wọn. Nínú yàrá òkùnkùn ni a ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, nẹ́gẹ́tíìfù ni a sì fi ń ṣe é. Oníbàárà tí ó gba fọ́tò lọ sílé kò lè dá irú rẹ̀ ṣe.

J. D. 'Okhai Ojeikere, tí ó kú ní ọdún 2014, tún jẹ́ àpẹẹrẹ mìíràn fún wa. Láti ọdún 1968 ni ó ti ń ya irun orí àwọn obìnrin ilẹ̀ wa. Nígbà tí àwọn ará Paris pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní ilé Fondation Cartier ní ọdún 2000, kò sí ẹni tí ó bi í léèrè pé kí ni ẹ̀rí rẹ̀. Nẹ́gẹ́tíìfù rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó tò wọ́n jọ, ó sì tọ́jú wọn fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún.

Kámẹ́rà òde òní kò ní nẹ́gẹ́tíìfù. Fọ́tò tí ó wà lórí fóònù oníbàárà kò yàtọ̀ lójú sí èyí tí ó wà lórí fóònù ayàwòrán. Bí a bá fi ránṣẹ́ sí ọgọ́rùn-ún ènìyàn, ọgọ́rùn-ún ènìyàn ni ó ní ohun tí wọ́n lè tẹ̀ jáde. Ní èrò tiwa, àdánù yìí ni ayàwòrán Ìtẹ̀lé ń fi lẹ́tà gàdàgbà rẹ̀ wá ẹ̀san fún. Ó ti pàdánù nẹ́gẹ́tíìfù, ó sì ń retí pé kí òǹtẹ̀ ṣe iṣẹ́ méjèèjì.

Síbẹ̀, nǹkan kan ṣẹ́ kù tí ó dà bí nẹ́gẹ́tíìfù, ọ̀pọ̀ wọn ni kì í sì í tọ́jú rẹ̀. Fọ́tò bí ó ti jáde láti inú kámẹ́rà tóbi gan-an ju èyí tí à ń rí lórí WhatsApp tàbí Facebook lọ, nítorí pé àwọn ojú-òpó wọ̀nyí máa ń fún un pọ̀ kí ó lè tètè rìn. Ẹni tí ó jí fọ́tò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìfúnpọ̀ ni ó jí. Òdidi rẹ̀, pẹ̀lú àwọn tí a yà ṣíwájú rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀ ní ìjókòó kan náà, ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ya fọ́tò nìkan ni a ti lè rí i. Nígbà tí a béèrè lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin wa pé níbo ni òdidi fọ́tò ìyàwó yẹn wà, ó ní òun ti pa á rẹ́ kí àyè lè wà nínú kámẹ́rà fún ìnáwó ọ̀sẹ̀ kejì.

IṢẸ́ TÍ Ó RÌN JU ORÚKỌ LỌ

Ẹnì kan lè sọ pé asán ni gbogbo ìdààmú yìí, pé àwọn baba wa tí wọ́n gbẹ́ ère kò kọ orúkọ sí i, ayé sì mọ̀ wọ́n. Òtítọ́ ni pé ayé tí ó wà nítòsí mọ̀ wọ́n. Ará ìlú mọ ọwọ́ agbẹ́gilére bí a ti ń mọ ohùn ẹni lókùnkùn, oríkì sì ń pa orúkọ rẹ̀ mọ́. Ìṣòro bẹ̀rẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ kúrò nílé tí oríkì kò lè bá a lọ.

Àpẹẹrẹ tí ó ṣe kedere jù ni ti Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, tí ó kú ní ọdún 1938. Òun ni ó gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́. Ní ọdún 1924 wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí àfihàn ńlá ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Wembley, ilé ìṣúra British Museum sì gbà á, wọ́n fi àga ọba tí a ṣe ní ìlú Òyìnbó dípò rẹ̀ fún Ògògà. Ìlú London wo ilẹ̀kùn, wọ́n yìn ín, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ẹni tí ó gbẹ́ ẹ. Ọlọ́wẹ̀ wà láàyè nígbà náà. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí àwọn onímọ̀ tó so orúkọ rẹ̀ mọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ọdún 1988 ni John Pemberton sì tó gba oríkì rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀. Ní agbègbè Ọ̀tà níbí, tí a mọ̀ fún Gẹ̀lẹ̀dẹ́, kò yẹ kí a máa jiyàn lórí èyí. Ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mélòó ni ó wà ní àwọn ilé ìṣúra òkè òkun tí wọ́n kọ sí lára pé a kò mọ ẹni tí ó gbẹ́ ẹ?

Ìyàtọ̀ kan sì wà tí ó mú kí ọ̀rọ̀ ayàwòrán le ju ti agbẹ́gilére lọ. Onímọ̀ tí ó bá wo ère Ọlọ́wẹ̀ dáadáa lè rí ọwọ́ rẹ̀ nínú rẹ̀. Fọ́tò ìyàwó tí ó jókòó lórí àga pẹ̀lú òdòdó lọ́wọ́, ogún ayàwòrán ní Ṣàngó lè yà á kí ojú má mọ èyí tí ó jẹ́ ti ẹnì kan. Níbi tí ọwọ́ kò bá ti lè sọ̀rọ̀, orúkọ ni yóò sọ̀rọ̀.

Orí íntánẹ́ẹ̀tì, ìrìn àjò tí ilẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́ fi ọkọ̀ ojú omi rìn kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì ní Haiti ní ọjọ́ 12 oṣù kìíní ọdún 2010, Daniel Morel, ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ náà, gbé àwọn fọ́tò rẹ̀ sórí Twitpic ní ọjọ́ náà gan-an. Láìpẹ́, ẹlòmíràn ti dà wọ́n kọ, ó sì gbé wọn jáde bí ẹni pé tirẹ̀ ni. Ilé-iṣẹ́ ìròyìn AFP mú wọn, ó kọ orúkọ ẹni yìí sí abẹ́ wọn, ó sì tún fi wọ́n ránṣẹ́ sí Getty Images. Ẹjọ́ náà lé ní ọdún mẹ́ta. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2013 ni wọ́n tó dá a ní New York pé kí wọ́n san nǹkan bí mílíọ̀nù kan àti igba ẹgbẹ̀rún dọ́là fún Morel. Ayàwòrán tí ayé ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni Morel, ó sì rí agbẹjọ́rò. A kò mọ ayàwòrán kan ní Ìtẹ̀lé tí ó lè fi ọdún mẹ́ta jà nítorí pátákó ṣọ́ọ̀bù. Owó agbẹjọ́rò ọjọ́ kan yóò ju owó ìgbéyàwó náà lọ.

OHUN TÍ ÒFIN SỌ

Èrò tí ó gbilẹ̀ láàárín àwọn tí a bá sọ̀rọ̀ ni pé fọ́tò tí kò ní orúkọ lára kò ní ẹni tí ó ni ín. Ohun tí onípátákó náà sọ nìyẹn, ó sì yà wá lẹ́nu pé ayàwòrán pàápàá gbà á gbọ́. Èrò yìí kò tọ̀nà. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé òfin Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1911 wọ ilẹ̀ wa ní ọdún 1912 ni ẹ̀tọ́ àdàkọ, èyí tí í ṣe ẹ̀tọ́ láti sọ ẹni tí ó lè ṣe ẹ̀dà iṣẹ́, ti ń bẹ lórí fọ́tò láìsí àmì kankan. Amẹ́ríkà ni ó ní òfin tí ń béèrè àmì tẹ́lẹ̀: títí di oṣù kẹta ọdún 1989, iṣẹ́ tí a tẹ̀ jáde níbẹ̀ láìní àmì ẹ̀tọ́ lára lè di ti gbogbo ayé. Bóyá ibẹ̀ ni èrò yìí ti tàn dé ọ̀dọ̀ wa.

Ohun tí ó ń yí padà ní Nàìjíríà ni ẹni tí ẹ̀tọ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òfin ọdún 1970 gbé ẹ̀tọ́ fọ́tò tí a bẹ ayàwòrán yà fún ẹni tí ó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́, àfi bí àdéhùn bá sọ ohun mìíràn. Òfin ọdún 1988 yí i padà: ẹni tí ó ya fọ́tò ni ó ni ín, àfi bí a bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin ọdún 2022, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023, kò gba ẹ̀tọ́ náà lọ́wọ́ ayàwòrán, ṣùgbọ́n ó rántí oníbàárà. Ẹni tí ó ní kí a ya òun fún ìlò ara rẹ̀ àti ti ilé rẹ̀ lè lo fọ́tò náà bí ó ti wù ú níwọ̀n ìgbà tí kò bá fi ṣòwò, ó sì lè dá ayàwòrán lẹ́kun kí ó má gbé e jáde fún aráyé, àyàfi bí wọ́n bá ti jọ fohùn ṣọ̀kan lórí ohun mìíràn.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí wo ọ̀rọ̀ ìyàwó wa. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó gbé fọ́tò mẹ́ta yẹn síta. Ká ní ó tẹ orúkọ mọ́ wọn ní ọjọ́ náà, òun fúnra rẹ̀ ni ìbá fọwọ́ sí ìwé ẹ̀sùn ara rẹ̀. Àwọn tí ń jiyàn nípa àmì kì í sọ̀rọ̀ kan ẹni tí ó wà nínú fọ́tò. Bí ẹni pé àárín ayàwòrán àti olè nìkan ni ọ̀rọ̀ náà wà.

Kí wá ni orúkọ ń ṣe lójú òfin? Nàìjíríà wọ Àdéhùn Berne ní ọdún 1993. Ẹ̀ka kẹẹ̀ẹ́dógún àdéhùn náà sọ pé bí orúkọ ẹnì kan bá hàn lára iṣẹ́ bí a ti ń kọ ọ́, òun ni a óò kà sí ẹni tí ó ṣe é títí ẹlòmíràn yóò fi mú ẹ̀rí wá pé kò rí bẹ́ẹ̀. Níbí ni agbára òǹtẹ̀ wà. Kò dá ẹ̀tọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbé ẹrù ẹ̀rí kúrò lórí ayàwòrán, ó sì gbé e ka orí ẹni tí ń bá a du iṣẹ́. Òfin ọdún 2022 tún lànà bí a ṣe lè kọ̀wé sí àwọn tí wọ́n ni ojú-òpó kí wọ́n yọ iṣẹ́ tí a jí kúrò. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ hàn lára fọ́tò kò ní pẹ́ lórí àlàyé kí wọ́n tó gbọ́ tirẹ̀. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù fún ẹni tí kò lè lọ sí ilé-ẹjọ́ ni pé onípátákó kò ní lè sọ pé òun kò mọ ẹni tí òun ìbá bi.

BÍ ÀGÁDÁGODO ṢE Ń ṢÍ

Ó kù kí a wo bóyá àmì lè dènà olè. Èyí tí ó bá wà ní igun fọ́tò, àlùmọ́gàjí ni. A óò gé igun náà sọ nù. Èyí tí ó dábùú àyà ni àwọn ènìyàn gbẹ́kẹ̀ lé. Ní ọdún 2017 àwọn onímọ̀ ilé-iṣẹ́ Google, Tali Dekel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, fi hàn pé bí a bá tẹ àmì kan náà, ní ìrísí kan náà, mọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ fọ́tò, kọ̀ǹpútà lè fi gbogbo fọ́tò náà wé ara wọn, kí ó mọ ohun tí kò yí padà nínú wọn, kí ó sì yọ ọ́ kúrò láìsí ojú àpá. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ yani lẹ́nu: bí ayàwòrán bá ṣe ń lo àmì rẹ̀ déédéé tó ni ó ṣe ń kọ́ kọ̀ǹpútà bí yóò ṣe pa á rẹ́ tó. Àwọn onímọ̀ náà dábàá pé kí a máa yí ìrísí àmì díẹ̀díẹ̀ láti fọ́tò kan sí òmíràn. Láti ìgbà náà, ohun èlò tí ń pa àmì rẹ́ ti wà lórí fóònù, ẹni tí kò mọ nǹkan nípa kọ̀ǹpútà sì lè lò ó.

Ṣùgbọ́n àmì tí kò lè dènà olè lè jẹ́rìí sí i. Ní ọdún 2023 Getty Images pe ilé-iṣẹ́ Stability AI lẹ́jọ́ pé ó fi àwọn fọ́tò wọn kọ́ ẹ̀rọ rẹ̀ láti máa ya àwòrán. Nínú àwọn àwòrán kan tí ẹ̀rọ náà yà, àmì Getty hàn wúruwùru, bí orúkọ tí ọmọdé kọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ilé-ẹjọ́ gíga ní London kò gba ẹ̀sùn ẹ̀tọ́ àdàkọ tí ó kù níwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbà níwọ̀nba pé wọ́n ti tẹ ẹ̀tọ́ Getty lórí àmì ilé-iṣẹ́ rẹ̀ lójú, nítorí àwọn àwòrán tí àmì náà hàn lára wọn. Àgádágodo ti já, òǹtẹ̀ ṣì ń sọ̀rọ̀.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn tí a fún ọ̀dọ́mọkùnrin wa kò le. Kí ó gba àṣẹ oníbàárà, ní kíkọ sílẹ̀, kí ó tó gbé fọ́tò síta. Kí fọ́tò tí oníbàárà sanwó fún mọ́, láìní àmì kankan lójú. Èyí tí ó bá gbé síta, kí ó kéré ní ìwọ̀n, kí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀ ní lẹ́tà tí ojú lè kà, nítòsí ara ẹni tí a yà, ní etí aṣọ tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ èjìká, kí ó máa yí àyè padà. Kí ó kọ orúkọ rẹ̀ sínú fọ́tò láti inú kámẹ́rà pẹ̀lú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ojú-òpó ń bó ìkọ̀wé inú yìí dànù nígbà tí fọ́tò bá ń gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá. Kí ó sì ra ibi tí yóò máa kó òdidi fọ́tò pa mọ́ sí kí ó tó ra kámẹ́rà tuntun. Ó rẹ́rìn-ín sí èyí tí ó gbẹ̀yìn. Kámẹ́rà ni oníbàárà ń rí, ó ní, wọn kì í rí àpótí.

Ìbéèrè kan ni òun náà bi wá, a kò sì rí ìdáhùn tí ó tẹ́ wa lọ́rùn fún un. Ní ọjọ́ Sátidé tí ìnáwó bá di mẹ́ta lọ́jọ́ kan, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀ ni ó ń lọ sí ọ̀kan nínú wọn. Ọmọ náà ni ó dúró nínú oòrùn, òun ni ó sọ fún ìyàwó pé kí ó gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀, òun ni ó tẹ kámẹ́rà. Nígbà tí fọ́tò bá jáde, orúkọ ọ̀gá ni wọ́n ń tẹ̀ mọ́ ọn, bí a ti ń pe ère tí ọmọ iṣẹ́ gbẹ́ lábẹ́ ọ̀gá ní ère ọ̀gá. Ó bi wá pé orúkọ ta ni ó yẹ kí ó wà níbẹ̀. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ náà jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń nu lẹ́ǹsì, kò gbójú sókè.